Àwọn Lẹ́tà Roboto Ìyábọ̀

Òórùn ọ̀dà ló máa ń kọ́kọ́ padà sí mi nímú bí mo bá rántí ọdún náà. Ilé tuntun ni gbogbo ilé tó wà ní òpópó wa ní Festac. Àwọn àlejò tó wá ṣe àjọ̀dún àṣà Áfíríkà ti padà sí orílẹ̀-èdè wọn, ìjọba sì ti pín ilé náà fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀; orúkọ bàbá mi wà lára àwọn tó jáde nínú ìbò tí wọ́n ṣẹ́. Yàrá méjì là ń gbé tẹ́lẹ̀ ní Muṣin. A wá bá ara wa nínú ilé tí omi ẹ̀rọ ti ń yọ nínú kíṣìnì, tí yàrá kékeré méjì sì wà lẹ́yìnkùlé, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní bọ́ìsì-kọ́tà, tí wọ́n kọ́ fún ọmọ ọ̀dọ̀. A kò ní ọmọ ọ̀dọ̀ kankan. Èmi ni mo ń gbá iwájú ilé àti ẹ̀yìnkùlé láàárọ̀ kí n tó lọ sílé ìwé. Bí ìgbálẹ̀ mi bá ti ń họ sìmẹ́ńtì, mo máa ń gbọ́ àkùkọ àwọn ará Kúje, abúlé ìtòsí wa, lókèèrè, mo máa ń gbọ́ ìyá mi tó ń ro ògì, tí ọmọrogùn rẹ̀ ń kan etí ìkòkò, mo sì máa ń gbọ́ bàbá mi tó ń fi búrọ́ọ̀ṣì dán bàtà rẹ̀ de bọ́ọ̀sì ọ́fíìsì. Bí mo bá gbọ́ ìró búrọ́ọ̀ṣì kí ìró ọmọrogùn tó dákẹ́, mo mọ̀ pé a ti pẹ́ nìyẹn.

Yàtọ̀ sí ilẹ̀ gbígbá, mo ní iṣẹ́ kan tí n kò lè fi tọrẹ fún ẹnikẹ́ni. Èmi ni akọ̀wé ilé wa. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí, ṣùgbọ́n ìkọ̀wé mi tẹ́ẹ́rẹ́, ó dọ́gba, ó sì tò lórí ìlà bí ìgbà tí wọ́n fi okùn wọ̀n ọ́n. Bàbá mi ló kọ́ mi. Ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ya àwòrán ilẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ó sì mọ iyì ìkọ̀wé tó dára. Bí ìyá mi bá da iyọ̀ sínú agolo, èmi ni mo ń kọ “iyọ̀” sórí bébà kékeré tí a ó lẹ̀ mọ́ ọn lára. Èmi ni mo kọ orúkọ sára ìwé gbogbo ẹbí. Èmi ni mo ń kọ àdírẹ́sì sí ẹ̀yìn lẹ́tà tó ń lọ sílé. Bí àlejò bá wá, bàbá mi á pè mí, á ní, “Akọ̀wé mi, mú ìwé rẹ wá kí wọ́n rí i.” Á wá sọ fún àlejò pé, “Ẹ wò ó bí ẹni pé abẹ́rẹ́ ló fi kọ ọ́.” Màá dojú kọlẹ̀ bí ọmọ tí ojú ń tì. Irọ́ ni. Ojú kò tì mí rárá. Mo ń ka iye ìgbà tí ó máa sọ ọ́ ni.

Ìyábọ̀ dé nígbà ọyẹ́. Ọmọ àbúrò bàbá mi obìnrin ni, láti Abẹ́òkúta. Ìyá rẹ̀ rí àyè kọ́ọ̀sì olùkọ́ fún ọdún kan, kò sì rí ẹni tí yóò fi ọmọ sí lọ́dọ̀, ni bàbá mi bá ní kí wọ́n mú un wá. Oṣù márùn-ún ló fi jù mí lọ. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí a jókòó yí ká tábìlì oúnjẹ ni ìyá mi ti là á sílẹ̀ pé Àǹtí Ìyábọ̀ ni n óò máa pè é.

“Mọ́mì, oṣù márùn-ún péré!”

“Ibo lo wà ní oṣù márùn-ún yẹn?” ni ìyá mi bi mí, ó sì ń bu ẹ̀wà sínú àwo Ìyábọ̀.

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, Ìyábọ̀ náà ti ń pe bàbá mi ní Dádì, kò sì sí ẹni tó bi í ní ìbéèrè kankan.

Ẹ̀yìn báàgì ilé ìwé rẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí àwọn lẹ́tà náà. Ó fi tàdáwà ya orúkọ ara rẹ̀ síbẹ̀. Mo ní ó yà á, n kò ní ó kọ ọ́, nítorí kò sí ẹni tó lè fi irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ kọ̀wé lásán. Wọ́n sanra. Kò sí igun tó mú lára èyíkéyìí nínú wọn; gbogbo orí wọn àti ìdí wọn ló rí roboto, bí ìyẹ̀fun búrẹ́dì tí wọ́n pò tó ti wú tán tó ń dúró de ààrò, ihò tó wà láàárín O kò sì ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ. Bí mo ṣe ń dàgbà sí i ni mo mọ̀ pé irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ní orúkọ àti ìtàn, pé àwọn tó ń tẹ̀wé ti ń lò ó tipẹ́, àti pé àsìkò tiwa yẹn gan-an ló gbòde kan. Lóòótọ́, gbogbo ibi tí mo bá yíjú sí lọ́dún náà ni mo ti ń rí i: lára páálí ọṣẹ, lára ike ìpara, lórí páálí àwo orin tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń gbé rìn láti fi ṣe fàájì, ní àyà ẹ̀wù àwọn ọmọ tó ń gun kẹ̀kẹ́, lókè ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ní Agboju. Ìyábọ̀ sọ fún mi pé ara páálí lòun ti kọ́ ọ, pé òun kàn ń wò ó títí ọwọ́ òun fi mọ̀ ọ́n ni.

Láàárín oṣù kan, àwọn ọmọ òpópó wa ti ń tò sẹ́nu ọ̀nà wa lẹ́yìn ilé ìwé. “Àǹtí Ìyábọ̀, ẹ bá mi ya tèmi.” Ó ya orúkọ sára ìwé, ó yà á sára agolo oúnjẹ, ó yà á sí ẹ̀yìn bàtà káńfáàsì. Mo fara dà á. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo wọ kíṣìnì láti mu omi, mo rí i pé wọ́n ti ṣí bébà tèmi kúrò lára gbogbo agolo. GÀÀRÍ ń pariwo lórí pákó. IYỌ̀ dúró tì í, ó gbé ikùn síta. Ìyá mi ní, “Tóyìn, wò ó, mi ò nílò jígí ojú mọ́.” Inú rẹ̀ dùn gan-an. Mo ní ó dára. Mo mu omi mi, mo sì lọ sílé ìwẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn, mo fi lẹ́ẹ̀dì gbìyànjú láti ya T kan ṣoṣo sẹ́yìn ìwé ìṣirò mi. Ó rí bí ẹsẹ̀ tí agbọ́n ta. Mo ya òmíràn, èyí burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo fa ojú ìwé náà ya. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá béèrè bóyá èmi náà lè yà á, èsì mi ò yí padà: “Bí mo bá fẹ́, mo lè yà á. Mi ò kàn fẹ́ràn ẹ̀ ni.”

Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ dáadáa, nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń dárúkọ ìlara kí wọ́n tó wò ó fínnífínní. N kò kórìíra Ìyábọ̀. Orí ibùsùn kan náà là ń sùn, òun ló sì ń bá mi di irun. Ohun tí ó ń jẹ mí níyà ni pé kò wá gba ohunkóhun lọ́wọ́ mi. Bí ó bá jẹ́ pé ó wá gbà á ni, ǹ bá bá a jà. Ó kàn dé ni, ó ń kọrin lábẹ́lẹ̀, ó ń ya lẹ́tà rẹ̀, ojú gbogbo ilé sì kúrò lára mi. Nínú ọdún márùndínlógójì tí mo fi ṣe olùkọ́, mo rí irú ojú tèmi yẹn lójú ọ̀pọ̀ ọmọ tó máa ń gba ipò kìíní, lọ́jọ́ tí ọmọ tuntun bá wọ kíláàsì. Mo máa ń tètè dá a mọ̀.

Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ ni bàbá mi sọ pé òun yóò sọ ọ̀kan nínú yàrá bọ́ìsì-kọ́tà di yàrá ìkàwé fún àwọn ọmọ òpópó. Ó ti ń kó ìwé jọ láti ọ́fíìsì, lọ́wọ́ àwọn ọ̀rẹ́, títí kan ìwé ìtàn tí ọ̀gá rẹ̀ kan fi sílẹ̀ kó tó padà sókè òkun. Àpótí tí a fi kó ẹrù láti Muṣin ló fọ́ tó fi ṣe pẹpẹ. Bàbá Kúje fún un ní pákó kan tó dán fún àkọlé ẹnu ọ̀nà. Bàbá arúgbó kan ni, ẹbí rẹ̀ ló ń dá oko ẹ̀gẹ́ lórí ilẹ̀ òpópó wa kí ìjọba tó gbà á, gbogbo Sátidé ló sì máa ń rìn wá láti Kúje wá wo ohun tí wọ́n gbìn sí i lẹ́yìn òun. Fàráńdà wa ló ti máa ń mu tíì rẹ̀.

Bàbá mi gé káàdì méjì dọ́gba, ó fún èmi àti Ìyábọ̀. “YÀRÁ ÌKÀWÉ ÀWỌN ỌMỌ WA,” ó ní. “Ohun tí ẹ ó kọ nìyẹn. Ẹni tí tirẹ̀ bá dára jù ni yóò kọ ọ́ sórí pákó, òun náà ni n óò fún ní kọ́kọ́rọ́. Òun ni yóò máa ṣílẹ̀kùn, òun ni yóò máa yá wọn ní ìwé.”

N kò lè ṣàlàyé bí mo ṣe fẹ́ kọ́kọ́rọ́ yẹn tó. Mo ti rí ara mi lẹ́yìn tábìlì, pẹ̀lú ìwé orúkọ, tí mo ń sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n fọwọ́ kí wọ́n tó wọlé. Ọjọ́ méjì ni mo fi ṣe káàdì tèmi, pẹ̀lú kálámù olójú irin àti rúlà. Ìyábọ̀ dojú bolẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì lọ́sàn-án kan, ó ya tirẹ̀ tán kí ọbẹ̀ tó jinná.

Ní Sátidé, bàbá mi so káàdì méjèèjì mọ́ ara ògiri bọ́ìsì-kọ́tà, ó kó gbogbo wa lọ sí ẹ̀gbẹ́ géètì, nítòsí ojú títì. “Bàbá, ẹ bá wa wò ó,” ó sọ fún Bàbá Kúje. “Èwo lẹ rí?”

Bàbá Kúje fi ọwọ́ bo iwájú orí. “Èyí apá ọ̀tún yẹn, ṣé eèrà ló ń tò lọ lára ẹ̀ ni?”

Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín.

“Èyí apá òsì ńkọ́, Bàbá?”

“Èyí ti jẹun yó! Mi ò mọ̀wé o, ṣùgbọ́n èyí ń pè mí.”

Bí mo ṣe sáré dé ara ògiri, n kò mọ̀. Mo gbé rúlà mi lé káàdì Ìyábọ̀. “Dádì, kò tọ̀nà! Ẹ wá wò ó. Gbogbo O rẹ̀ ló kọjá ìlà. Ó yọ lókè, ó tún yọ nísàlẹ̀. Àwọn tó kù dúró lórí ìlà, O nìkan ni kò dúró.”

Bàbá mi wá, ó bẹ̀rẹ̀, ó wo rúlà. Lóòótọ́, O kọjá ìlà. “Ìyábọ̀, kí ló dé?”

“Ó ń kéré lójú mi ni, Dádì, bí mo bá jẹ́ kó dúró síbẹ̀. Mo wá fi díẹ̀ kún un.”

Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ jígí ojú rẹ̀. “Ohun tí ọ̀gá wa fi oṣù mẹ́ta kọ́ wa rèé! Tóyìn, gbọ́. Bí ó bá jẹ́ E ni, á fẹsẹ̀ rinlẹ̀ gbọọrọ lórí ìlà. O kò lẹ́sẹ̀. Ibi bíńtín ló fi kan ìlà lókè àti nísàlẹ̀, ojú á wá máa rò pé ó kúrú. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ á jẹ́ kó yọ díẹ̀. Rúlà rẹ kò purọ́, ṣùgbọ́n ojú la máa fi kà á.” Ó fọwọ́ kan orí Ìyábọ̀. “Ta ló kọ́ ọ?” Ìyábọ̀ ní kò sẹ́ni tó kọ́ òun. Rúlà ṣì wà lọ́wọ́ mi, gbogbo òpópó sì ń wò mí.

Lọ́jọ́ Ajé, bàbá mi mú ohun kan bọ̀ láti ọ́fíìsì: bébà kan tó ń dán, tó mọ́ rekete bíi láílọ́ọ̀nù, tí wọ́n to lẹ́tà dúdú sí lẹ́yìn. Irú lẹ́tà roboto yẹn gan-an ni, ti ẹ̀rọ. Ó fi hàn wá pé bí a bá gbé e lé orí pákó, tí a sì fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ̀ ẹ́ lọ tẹ̀ ẹ́ bọ̀, lẹ́tà náà á fi bébà sílẹ̀, á lẹ̀ mọ́ pákó bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Wọ́n ti lo púpọ̀ kúrò lára rẹ̀. “Ó ku O mẹ́rin,” bàbá mi ní. “Mẹ́ta la nílò; àmì orí àti ti ìdí, a ó fọwọ́ fi í sí i. Ìyábọ̀, rọra tọ́jú ẹ̀, kò sí òmíràn.” Ìyábọ̀ fi í sáàárín ìwé atúmọ̀ èdè ńlá tó wà ní pálọ̀.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, òun àti ìyá mi lọ ra ẹja ní Agboju. Èmi nìkan ló wà nílé. Mo mú ṣíbí kan ní kíṣìnì, mo mú bébà náà, mo gbé e lé inú ìdérí àpótí aṣọ mi. Mo sọ fún ara mi pé O kan ṣoṣo ni n óò mú, kí n lè mọ bó ṣe rí. Mo fi ṣíbí tẹ̀ ẹ́. Ìró rẹ̀ kò ju ti èékánná tó ń họ bébà lọ. Nígbà tí mo ká bébà sókè, O náà jókòó sórí pákó àpótí mi, ó dúdú, ó kún, kò sí àbùkù kankan lára rẹ̀. Ìgbà náà ni mo gbà nínú ara mi pé ó rẹwà. Ẹ̀dùn tó mú mi le ju ìbínú lọ. Mo mú ìkejì. Mo mú ìkẹta. Kí n má bàa fi ọ̀kan sílẹ̀, mo mú ìkẹrin náà, mo sì dá bébà padà sínú atúmọ̀ èdè.

Ní Sátidé, bàbá mi gbé pákó sórí tábìlì ní ẹ̀yìnkùlé, ó ti kùn ún ní funfun. Ìyábọ̀ tẹ YÀRÁ, ó tẹ ÌKÀWÉ. Ó tẹ A fún ÀWỌN, ó tẹ W, ó wá yí bébà lọ, yí i bọ̀.

“Dádì, O dà?”

Bàbá mi gba bébà náà, ó gbé e sókè sí oòrùn. “Mẹ́rin ni mo kà.” Ó wo ìyá mi, ó wo àwọn ọmọ, ó wá wò mí. “Tóyìn, ṣé o fọwọ́ kan bébà yìí?”

“Rárá, sà.”

Ìyábọ̀ wo ojú mi. Kò pẹ́ níbẹ̀. “Bóyá ooru ló ṣí wọn, Dádì,” ó ní. “Èmi á yà á.” Ó wọlé, ó mú tàdáwà dúdú àti pákò kan, ó fi eyín rún orí pákò náà títí ó fi di búrọ́ọ̀ṣì. Kò lo rúlà, kò lo ìdérí ìgò. Ó di èémí mú, ó ya O àkọ́kọ́, ó mí, ó ya èkejì, ó ya ẹ̀kẹta. Nígbà tí wọ́n gbé pákó náà kọ́, bàbá mi ní kí Bàbá Kúje fi èyí tí wọ́n fọwọ́ yà han òun. Bàbá Kúje tọ́ka sí M. Gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín, bàbá mi sì fi okùn so kọ́kọ́rọ́ kọ́ Ìyábọ̀ lọ́rùn.

Èmi àti òun la jọ fọ àwo ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. “Mo rí ṣíbí kan lórí àpótí aṣọ rẹ ní Ọjọ́bọ̀,” ó ní, láìwò mí. “Èmi ni mo dá a padà sí kíṣìnì.”

Mo bi í, “Ṣé wàá sọ fún Dádì?”

“Kí n sọ kí ni? O ò bá kàn ti sọ fún mi pé kọ́kọ́rọ́ lo fẹ́.”

“Ta ló fẹ́ kọ́kọ́rọ́? Lẹ́tà gbọ̀ngbọ̀nràn bẹ́ẹ̀. Bí mo bá fẹ́, mo lè yà á. Mi ò kàn fẹ́ràn ẹ̀ ni.”

“Ó dáa,” ni Ìyábọ̀ wí, ó sì da omi ọṣẹ nù. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó gbà mí gbọ́, tàbí ó fẹ́ gbà mí gbọ́; títí di òní n kò mọ èyí tó jẹ́.

N kò wọ yàrá náà. Ẹni tó fẹ́ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ jù lọ nìkan ni ọmọ òpópó tí kò wọ ibẹ̀ ní gbogbo ọdún náà. Mo ń gbá ẹnu ọ̀nà rẹ̀ láràárọ̀. Lọ́sàn-án mo máa ń jókòó sí ẹ̀bá fèrèsé kíṣìnì, mo ń ṣa ẹ̀wà, mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣí ojú ìwé, bí òjò ṣe ń lu páànù, bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Ìyábọ̀ ti dá àṣà kan sílẹ̀: ọmọ tó bá ka ìwé àkọ́kọ́ rẹ̀ tán, òun Ìyábọ̀ á ya orúkọ ọmọ náà ní roboto sórí káàdì kan, á so ó mọ́ ògiri. Àwọn ọmọ ń wá láti Kúje, láti Abúlé Adó pàápàá. Ó pè mí nígbà mẹ́ta. Mo ní mo ti ka gbogbo ìwé yẹn ní Muṣin. N kò ka ọ̀kan nínú wọn.

Ọyẹ́ tún dé, ìyá rẹ̀ parí kọ́ọ̀sì, ó wá mú un. Ìyábọ̀ dá kọ́kọ́rọ́ padà fún bàbá mi. Bí ọkọ̀ wọn ṣe lọ tán, bàbá mi pè mí sí fàráńdà. “Akọ̀wé mi,” ó ní, “ó kàn ọ́.” Ọdún kan gbáko ni kò ti pè mí bẹ́ẹ̀, ó sì dùn mọ́ mi, àní lọ́jọ́ yẹn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì mo ṣílẹ̀kùn. Ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kún fún orúkọ. Mo jókòó sẹ́yìn tábìlì. Nígbà tó yá, àwọn ọmọ dé, wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà. Síkírá, ọmọ ọmọ Bàbá Kúje, ló kọ́kọ́ wọlé, ọmọ bí ọdún mẹ́fà, ó gbá ìwé kan mọ́ àyà.

“Mo ti kà á tán,” ó ní. “Àǹtí Ìyábọ̀ dà?”

“Wọ́n ti padà sí Abẹ́òkúta.”

Ó ronú sí i. “Ẹ̀yin ẹ yà á fún mi nígbà náà. Àǹtí Ìyábọ̀ sọ fún gbogbo wa pé ẹ lè yà á. Wọ́n ní ẹ kàn ò fẹ́ràn ẹ̀ ni.”

Gbogbo wọn ń wò mí láti ẹnu ọ̀nà. Káàdì funfun wà lórí tábìlì, tàdáwà wà níbẹ̀.

“Rárá, Síkírá,” mo ní. “Mi ò lè yà á. Mo ti gbìyànjú ẹ̀, mi ò lè yà á.”

Ó wò mí, ó wo ògiri, ó tún wò mí. Ó gbé ìwé sílẹ̀, ó ti káàdì sí iwájú mi.

“Ẹ kọ èyí tẹ́ ẹ mọ̀,” ó ní, “ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó tóbi o.”